Ètò Haskell tó gba gbogbo mẹ́mọ́rì tán: ìdáhùn sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Ìkọ̀lé-Èkìtì pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ti ń kọ́ Haskell, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fúnra mi láti ìgbà tí a ti wọlé ní sáà yìí. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yanjú. Ẹ mú nọ́ńbà kan. Bí ó bá ṣeé fi méjì pín láìṣẹ́kù, ẹ fi méjì pín in. Bí kò bá ṣeé pín bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọ̀kan kún un. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹ ó fi dé orí 1. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí kò tó 1,000,000, èwo ni ìrìn rẹ̀ gùn jù? Bí mo bá lo 1,000, ètò mi ń dáhùn kíá. Nígbà tí mo lo 1,000,000, mo dúró títí, kò dáhùn, bẹ́ẹ̀ mo rò pé Haskell yóò rántí ìrìn tó ti rìn tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa tọ́jú èsì sínú Map, àtẹ tó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ iye, kí n má baà tún ìrìn kan náà rìn. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 4GB kọ̀, kò gbéra mọ́. Wọ́n tún ní kí n fi foldl' rọ́pò foldl tí mo fi ń gba orí àtòkọ kọjá láti kó èsì jọ; mo ṣe ìyẹn náà, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ tirẹ̀ ní Python, ó sì parí kí n tó mu omi ife kan tán. Ṣé òótọ́ ni pé èdè tí kì í ṣírò nǹkan títí a ó fi béèrè èsì rẹ̀ kò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, sà?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o to gbogbo ohun tí o ti dán wò lẹ́sẹẹsẹ, tí o sì fi kóòdù rẹ tì í, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ mi níbí ní Adó kì í sọ ju pé "kò ṣiṣẹ́" lọ. Bí mo ti lóye rẹ̀, ohun mẹ́ta ni o so pọ̀ di ìbéèrè kan. O fẹ́ mọ ìdí tí mẹ́mọ́rì fi kún. O fẹ́ mọ ìdí tí foldl' tí gbogbo ènìyàn ń yìn kò fi gbà ọ́. O sì fẹ́ mọ̀ bóyá irú èdè yìí yẹ fún irú ìbéèrè yìí rárá. N ó tètè sọ ibi tí àléébù náà wà kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Kò sí nínú bí o ṣe ro ìṣòro náà, kò sì sí nínú foldl. Ìlà tí o fi pe Data.Map wọlé lókè kóòdù rẹ ló fà á. Bí o bá kọ Data.Map.Strict síbẹ̀ dípò Data.Map, tí o kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ètò náà yóò parí lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, o kò ní mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ìṣòro kan náà yóò sì tún dé bá ọ lọ́la níbi tí kò sí Map kankan.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè náà ń ṣe gan-an. Nínú Python, bí kọ̀ǹpútà bá ti dé orí ìlà kan, yóò ṣe iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kí ó tó kọjá. Nínú Haskell, bí o bá kọ ọ́ pé x jẹ́ àpapọ̀ nǹkan báyìí, kò sí ìṣírò kankan tó tíì wáyé. Ohun tí GHC, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù Haskell di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí, fi sínú mẹ́mọ́rì ni bí a ó ti ṣe ìṣírò náà, pẹ̀lú ìtọ́ka sí gbogbo ohun tí ìṣírò náà yóò nílò. Ohun kékeré yìí ni wọ́n ń pè ní thunk. Ìgbà tí nǹkan mìíràn bá béèrè x ní tòótọ́, yálà láti tẹ̀ ẹ́ sójú ẹ̀rọ tàbí láti fi í wé nọ́ńbà mìíràn, ni ìṣírò yóò tó wáyé. Èsì yóò sì gba ipò thunk náà, a kò ní tún un ṣe mọ́. Nítorí èyí ni take 5 [1..], ìyẹn kí a mú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú 1, 2, 3 lọ, fi ń parí bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtòkọ tó wà nínú rẹ̀ kò lópin. Kò sí ohun tó fa ìlọ́ra nínú èyí. Owó tí a ń san fún un wà níbòmíràn: thunk ń gba àyè, ó sì ń di gbogbo ohun tó ń tọ́ka sí mú, débi pé GHC kò lè gba mẹ́mọ́rì wọn padà títí a ó fi ṣírò rẹ̀. Lórí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni gbogbo ìdáhùn mi dúró lé.

Èrò kan tún wà nínú ìwé rẹ tí mo gbọ́dọ̀ tọ́ka sí, nítorí mo ń bá a pàdé lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀. O kọ ọ́ pé o rò pé Haskell yóò rántí ìrìn tó ti rìn tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fún ní orúkọ ni a ń ṣírò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Function, ìyẹn apá kóòdù tó ń gba iye kan tó sì ń dá èsì padà, tí a bá pè lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà yóò ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá kọ fib n gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ fib (n-1) àti fib (n-2), tí o sì béèrè fib 40, function náà yóò pe ara rẹ̀ títí iye ìpè yóò fi di 331,160,281. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ àtòkọ kan tó ń jẹ́ fibs, tí a ń kọ́ láti inú ara rẹ̀ báyìí, fibs = 0 : 1 : zipWith (+) fibs (tail fibs), èyí tó wà ní ipò ogójì yóò jáde lẹ́yìn ìṣírò mélòó kan péré, nítorí àtòkọ náà ní orúkọ, gbogbo ẹni tó bá béèrè sì ń wo ibì kan náà. Nítorí náà, òótọ́ ni àwọn tó ní kí o máa tọ́jú èsì sọ. Bí o ṣe tọ́jú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa kóòdù rẹ àkọ́kọ́, èyí tí kò ní Map. O kọ ìrìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú àtòkọ, o sì fi maximumBy (comparing length) mú èyí tó gùn jù. Kóòdù yìí kì í jẹ mẹ́mọ́rì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi ìrìn méjì wé ara wọn, ó ń tún gígùn èyí tó ń borí kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èsì tó tọ̀nà ni 837,799, tí ìrìn rẹ̀ ní nọ́ńbà 525 bí a bá ka ìbẹ̀rẹ̀ àti 1 pọ̀; láti ibẹ̀ dé 999,999, ó tún nọ́ńbà 525 wọ̀nyí kà ju ìgbà 160,000 lọ. Bí o bá so gígùn mọ́ nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí méjì tó jọ ń rìn, tí o sì mú èyí tó tóbi jù nínú wọn, àtúnkà yẹn yóò pòórá. Ohun kejì ni pé inú GHCi, níbi tí a ti ń tẹ kóòdù tí a sì ń rí èsì lójú ẹsẹ̀, ni o ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. GHCi dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àtúnṣe tí ghc -O2, àṣẹ tó ń sọ kóòdù di ètò tó yára, ń ṣe sí i, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì lè ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ẹ̀kẹta ni pé o kò kọ irú nọ́ńbà tí function rẹ ń lò. Bí o kò bá kọ ọ́, Haskell yóò sábà mú Integer, èyí tí kò ní ààlà ṣùgbọ́n tó wúwo. Int, nọ́ńbà tó ní ààlà tó sì fúyẹ́, ti tó. Nọ́ńbà tó ga jù tí ìrìn èyíkéyìí tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ 1,000,000 ń gùn dé ni 56,991,483,520, tí 704,511 ń dé. Int tó jẹ́ bíìtì 64 gbà á dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíìtì 32 kò gbà á, ohun tó sì ti dójú ti ọ̀pọ̀ tó kọ ètò yìí ní èdè C nìyẹn.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ Map. Láti inú kóòdù tí o fi ránṣẹ́, ìlànà rẹ dára púpọ̀: o ń mú nọ́ńbà láti kékeré lọ sí ńlá, o ń tẹ̀ lé ìrìn n títí yóò fi bọ́ sí nọ́ńbà tó kéré sí n, o sì ń wo gígùn nọ́ńbà kékeré yẹn nínú Map, nítorí o ti tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí o bi ara rẹ ni pé, kí ni o fi sínú Map gan-an? O rò pé nọ́ńbà ni. Kì í ṣe nọ́ńbà. Data.Map kì í béèrè iye tí a fi sínú rẹ̀; kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó nílò láti mọ ibi tí yóò fi nǹkan sí. Nítorí náà, thunk ni o fi síbẹ̀, thunk náà sì ní láti mọ Map tí yóò wò nígbà tí ọjọ́ ìṣírò bá dé. Map wo? Map bó ti wà kí o tó fi n sínú rẹ̀. Ní Haskell, a kì í pa Map dà lójú kan náà. Gbogbo ìgbà tí o bá fi nǹkan kún un ni Map tuntun ń jáde, tí ti tẹ́lẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́ka sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, GHC yóò gba àyè rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nínú kóòdù rẹ, thunk kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí Map tirẹ̀, nítorí náà mílíọ̀nù Map ló wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà.

Fi ojú inú wo ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba ní Adó, tó ń ṣí ìwé tuntun lójoojúmọ́ láti kọ àwìn sí. Dípò kí ó ṣírò gbèsè oníbàárà kan kí ó sì kọ ọ́ pé ₦1,400, ohun tó ń kọ ni pé "iye tó wà nínú ìwé àná, kí a fi ₦200 kún un". Ìwé àná ń tọ́ka sí ti ìjẹta, ti ìjẹta sì ń tọ́ka sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kíkọ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìwé kankan nù títí ọdún yóò fi yí, ọjọ́ tí oníbàárà bá sì béèrè pé èló ni mo jẹ, gbogbo ìwé náà ni yóò kó sílẹ̀. Bí ó bá ti ṣírò iye náà ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé kan ṣoṣo ni ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí a ṣírò bí ó ti tóbi tó. Lórí ẹ̀rọ bíìtì 64, ibùdó kọ̀ọ̀kan nínú igi tí Map fi ara rẹ̀ ṣe ń gba báìtì 48. Nígbà tí a bá fi nǹkan kún Map tó ti súnmọ́ mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 20 ibùdó ni a ó tún kọ, láti gbòǹgbò dé ibi tí nǹkan tuntun wà. Àwọn yòókù ni Map tuntun àti ti àtijọ́ jọ ń lò. Ogún lọ́nà 48 jẹ́ 960 báìtì. Ìyẹn lọ́nà mílíọ̀nù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1GB, láìka àwọn thunk fúnra wọn. Ọ̀nà tí GHC sì ń gbà kó mẹ́mọ́rì padà bí a kò bá yí i padà ni pé ó ń da gbogbo ohun tó ṣì wà láàyè kọ sí ibòmíràn, nítorí náà ó lè nílò ìlọ́po méjì àyè yẹn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá yọ ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àti aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì rẹ ń lò kúrò nínú 4GB, o rí i pé kò sí ohun ìyanu nínú bí kọ̀ǹpútà rẹ ṣe kọ̀ tí kò gbéra mọ́.

Kí ló dé tí foldl' kò fi ràn ọ́ lọ́wọ́? Ó ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ó ti ń dùn ọ́. Nínú GHCi, foldl lásán máa ń to gbogbo ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù kan jọ láìṣe ọ̀kankan títí yóò fi dé òpin àtòkọ. Foldl' ń ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti dé, ó sì ń pa ìtòjọ yẹn run. Ṣùgbọ́n ìṣírò tí foldl' ń fi ipá mú kò kọjá ìpele òde àkọ́kọ́. Bí ohun tí o ń kó jọ bá jẹ́ Int, ìpele kan náà ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ó bá jẹ́ Map, igi Map náà yóò jáde, ṣùgbọ́n àwọn iye tó rọ̀ mọ́ ọn lára yóò ṣì jẹ́ thunk. Bákan náà ni yóò rí bí o bá fi foldl' ṣe àpapọ̀ àti iye nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà nínú méjì tó jọ ń rìn láti wá ìpíndọ́gba: méjì náà yóò jáde, ohun tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn yóò sì máa wúwo sí i lábẹ́lẹ̀. Àfi kí o fi àmì !, tó ń sọ pé kí a ṣírò iye náà lójú ẹsẹ̀, sí iwájú orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú function rẹ kí ó tó yí padà. Mo rí i pé ìmọ̀ràn "lo foldl'" ti di oògùn tí gbogbo ènìyàn ń fúnni láìbéèrè ibi tó ń dunni. Láti GHC 9.10 tó jáde ní 2024, o kò tilẹ̀ nílò láti pè é wọlé láti Data.List mọ́, nítorí ó ti wà nínú Prelude, àkójọ tó ń wọlé fúnra rẹ̀ sínú ètò Haskell. N kò sì rò pé ìdí kankan wà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti lo foldl lásán mọ́.

Data.Map.Strict máa ń ṣírò iye kọ̀ọ̀kan dé ìpele àkọ́kọ́ kí ó tó fi í pamọ́. Fún Int, ìyẹn ni pé nọ́ńbà gidi ni yóò wọlé, Map àtijọ́ yóò sì di ohun tí a lè gbà padà lójú ẹsẹ̀. Ibùdó kan 48 báìtì, kọ́kọ́rọ́ 16, iye 16: nǹkan bí 80MB ni fún mílíọ̀nù kan. Ó lè lọ sókè sí i kí ètò tó parí nítorí ìdàkọ tí mo mẹ́nu kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí o bá fẹ́ kí ó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, lo STUArray, irú àtẹ tí a lè yí padà lójú kan náà, kí o sì máa kọ èsì sínú rẹ̀ láti kékeré lọ sí ńlá. Àtẹ náà yóò gba 8MB péré, ìyára rẹ̀ yóò sì súnmọ́ ti C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòdù náà kò ní rẹwà lójú. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí o tọ́jú ohunkóhun. Àròpọ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ fún àwọn nọ́ńbà tí kò tó 1,000,000 lé díẹ̀ ní 130 mílíọ̀nù, bí o bá sì fi function tó ń gbé nọ́ńbà àti iye ìgbésẹ̀ rìn kà wọ́n, tí o lo Int, tí o sì lo ghc -O2, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni iṣẹ́ náà, mẹ́mọ́rì tí yóò lò kò sì ní tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ kí o gbìyànjú, nítorí òun ló máa jẹ́ kí o rí ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn èdè yìí. Kọ arr = listArray (1, 999999) (map f [1..999999]), kí f 1 jẹ́ 1, kí f n sì jẹ́ iye ìgbésẹ̀ láti n dé nọ́ńbà tó kéré sí i, kí a fi arr ! v, ìyẹn iye tó wà ní ipò v nínú arr, kún un, níbi tí v ti jẹ́ nọ́ńbà kékeré náà. Thunk ló kún inú array yìí náà, ìyẹn àtẹ tó ń jẹ́ arr, ní ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò sí wàhálà. Gbogbo wọn ń tọ́ka sí array kan ṣoṣo, kì í ṣe sí mílíọ̀nù ẹ̀dà rẹ̀, èyí tí a bá sì ti ṣírò yóò di nọ́ńbà lójú kan náà. Nígbà tí gbogbo èsì bá ti jáde, nǹkan bí 24MB ni yóò kù. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé o kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. O kàn sọ bí èsì kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ òmíràn, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló sì ń wá ìtòtẹ̀léra tó yẹ. Nínú ìbéèrè tìrẹ, ìyẹn kò jọ ohun ńlá nítorí kékeré-sí-ńlá rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n bí o bá dé orí ìbéèrè bí i fífi ọ̀rọ̀ méjì wé ara wọn lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, tàbí yíyan ẹrù tí yóò wọ ọkọ̀ láìkọjá ìwọ̀n, níbi tí èsì kan ti lè gbára lé mẹ́ta mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ àti lókè rẹ̀, o ó rí i pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwọn tó ń lo èdè yòókù jẹ́ àṣìṣe nípa ìtòtẹ̀léra tí wọ́n fi ń kún àtẹ. Kìlọ̀ fún ara rẹ, ṣáá o: UArray, irú array tó ń tọ́jú nọ́ńbà gidi nìkan, kò lè ṣe èyí, nítorí kì í gba thunk, yóò béèrè gbogbo ara rẹ̀ kí ó tó wà, kò sì ní parí.

Wò ó báyìí. Thunk ló wà nínú Map tó pa ẹ̀rọ rẹ, thunk náà ló sì wà nínú array tó yanjú ìṣòro. Ìyàtọ̀ tí mo máa ń wá ni èyí: ṣé mo ti mọ̀ dájú pé n ó nílò iye yìí, ṣé mo sì ti ní gbogbo ohun tí mo fi lè ṣírò rẹ̀ lọ́wọ́ nísinsìnyí? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí ó ti rí fún àpapọ̀, fún òǹkà, àti fún èsì tí à ń kó jọ ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí èrè kankan nínú dídá a dúró. Ṣírò rẹ̀ kíá. Bí n kò bá mọ̀ bóyá n ó nílò rẹ̀, tàbí bí n kò bá mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ló dára jù.

Ìgbà tí a kò mọ̀ bóyá a ó nílò rẹ̀ pọ̀ nínú ìṣòro tó jẹ́ ti ìwákiri. Ká ní o fẹ́ kí ètò rẹ wá ọ̀nà láti Ìkéré dé Ọmùò, èyí tí iye ìlú tí yóò gbà kọjá kéré jù. Ní Haskell, o lè kọ igi gbogbo ìrìn tó ṣeé rìn: láti Ìkéré sí Adó, láti Adó sí Ìyìn, sí Ìwòròkò, sí Ìjàn, tàbí padà sí Ìkéré, láti Ìyìn sí Ìgèdè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Igi yìí kò lópin, nítorí ènìyàn lè máa lọ kí ó máa bọ̀ láàárín Adó àti Ìkéré títí ayé. Function mìíràn tí kò mọ ohunkóhun nípa Èkìtì yóò wá máa wo igi náà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, yóò sì dúró níbi àkọ́kọ́ tí ó bá ti rí Ọmùò. Ẹ̀ka tó ń gba Ìgèdè àti Àrámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n kò ní gùn kọjá ìpele tí a ti wò. Bí o bá fẹ́ yí ọ̀nà ìwákiri padà lọ́la, o kò ní fọwọ́ kan kóòdù tó kọ́ igi. Ní èdè tó ń ṣírò lójú ẹsẹ̀, a lè ṣe é, ṣùgbọ́n a ó ní láti so kíkọ́ igi àti ìwákiri pọ̀, tàbí kí a fọwọ́ ara wa kọ ohun tí Haskell ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò ní tan ọ́ jẹ pé gbogbo ayé ló gbà pé ọ̀nà yìí ló dára jù. Ní 1987, nínú ìpàdé kan ní Portland ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń ṣe èdè irú èyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pinnu láti jọ ṣe ẹyọ kan. Ìwé tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ jáde ní 1990, wọ́n sì fi orúkọ Haskell Curry, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́. Èrè ńlá kan jáde nínú ìpinnu wọn. Bí ó ti ṣòro láti mọ ìgbà tí function kan yóò ṣiṣẹ́, kò ṣeé ṣe láti fi ìtẹ̀jáde tàbí ìyípadà pamọ́ sínú rẹ̀ láìsọ, nítorí náà èdè náà kò ní àṣírí lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe PureScript àti Idris lẹ́yìn náà, tí wọ́n mú ohun púpọ̀ láti ara Haskell, yàn pé kí tiwọn máa ṣírò lójú ẹsẹ̀. GHC fúnra rẹ̀ ní àfikún kan tó ń jẹ́ Strict láti 8.0 ní 2016; bí o bá kọ ọ́ sókè fáìlì, orúkọ tí o bá fi lélẹ̀ nínú fáìlì náà yóò máa jẹ́ ṣíṣírò lójú ẹsẹ̀. N kò gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí array tí mo ṣàpèjúwe lókè lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, o kò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Bákan náà, má fọ́n àmì ! káàkiri bí ìyọ̀. Fi í sí ibi tí o bá lè sọ ìdí rẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó lo Python, kò rẹ́ ọ jẹ. Loop tó ń kọ nọ́ńbà sínú àtòkọ kan ṣoṣo bá ìbéèrè yìí mu gan-an, ẹni tó bá sì kọ ọ́ kò ní láti ronú nípa ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá. Bí Haskell bá jẹ́ kí o kọ ohun tó kúrú tó sì hàn kedere, ó tún ń mú kí ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ iye mẹ́mọ́rì tí ètò kan yóò gbà. Àwọn tó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì ń wọn án kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, èmi náà sì ń wọn án. Lórí iṣẹ́ oṣù, bí ìyẹn bá wà lára ohun tí ó mú kí o béèrè bóyá kí o fi í sílẹ̀, ibi iṣẹ́ tó ń béèrè Python tàbí JavaScript lọ́dọ̀ wa pọ̀ ju èyí tó ń béèrè Haskell lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Nítorí náà, má fi Python sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí mẹ́mọ́rì tó kún yìí nìkan ni o fẹ́ fi Haskell sílẹ̀, kò tíì tó ìdí.

Nígbà tí o bá fẹ́ dán gbogbo èyí wò, má ṣe é nínú GHCi. Fi ghc -O2 -rtsopts sọ kóòdù náà di ètò, kí o sì fi +RTS -s -M1g sí ẹ̀yìn orúkọ ètò náà nígbà tí o bá ń pè é. Apá -s yóò tẹ ìròyìn jáde níparí. Ìlà tó ní "maximum residency" nínú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló ń sọ bí ohun tó wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Apá -M1g yóò dá ètò náà dúró bí ó bá fẹ́ kọjá 1GB, kí ẹ̀rọ rẹ má baà tún kọ̀, pàápàá bí o bá ní iṣẹ́ mìíràn lójú rẹ̀ tí o kò tíì fi pamọ́. Fi n kékeré ṣáájú: 13 gbọ́dọ̀ fún ọ ní gígùn 10, 27 sì gbọ́dọ̀ fún ọ ní 112. Lẹ́yìn náà, lo Data.Map lásán fún 100,000, kí o kọ iye náà sílẹ̀, kí o tún lo Data.Map.Strict fún 100,000 kan náà. Bí iye méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn tún wà nínú kóòdù rẹ tí kò sí nínú apá tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Fi gbogbo fáìlì náà ránṣẹ́ nígbà náà, pẹ̀lú ìròyìn méjèèjì.